Ibi Tí Iyọ̀ Ti Dà Sílẹ̀

Ọdún kejìdínlógún rèé tí Elkana Rudd ti ń wá fàdákà kiri àwọn òkè Nevada, kò sì tíì rí èyí tó tó fi rọ ṣíbí kan. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Nínú àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ti kú, àwọn kan ti padà sílé lọ bá ìyàwó, ẹni méjì péré ló rí nǹkan gidi, àwọn méjèèjì sì ti fi mu ọtí tán. Elkana nìkan ló ṣì ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ níwájú láti àfonífojì kan dé òmíràn, tó ń fọ́ òkúta, tó ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò, tó ń gbóòórùn rẹ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn yòókù ni pé ìbéèrè pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá rí ẹyẹ tó kọ́ ìtẹ́ sí ibi tí kò yẹ, á jókòó tì í títí á fi mọ ìdí. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà kan sọ fún un pé, "Elkana, ìwọ ò wá fàdákà. Ìdí ọ̀rọ̀ lò ń wá." Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, òjò dídì tètè dé. Ní ìparí oṣù kẹwàá ni Elkana sọ̀kalẹ̀ wá sí Sorrel Gulch, abúlé awakùsà kan tí ilé rẹ̀ kò ju ogójì lọ, ó sì gba yàrá lọ́dọ̀ Ìyáàfin Thomasine Nankervis. Opó ni obìnrin yìí. Láti Cornwall, lókè òkun, ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá. Inú ihò kùsà ni ọkọ náà kú sí, ìyàwó sì ra ilé olókùúta kan, ó sọ ọ́ di ilé àwọn ayálégbé. Awakùsà mẹ́sàn-án ló ń sùn níbẹ̀, tí wọ́n ń jẹun nídìí tábìlì kan. Obìnrin náà ga, ó lápá, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ẹni tó bá wọlé láì nu bàtà rẹ̀, tọ̀hún ló máa fọ ilẹ̀ ilé lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, tí àwọn yòókù ti lọ síbi iṣẹ́, Elkana jókòó síwájú ibi ìdáná, ó ń rán bàtà rẹ̀ tó ya. Ibi ìdáná ńlá ni, ògiri ló gbé e dúró, ènìyàn lè tẹ̀ba wọ inú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyáàfin Nankervis ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n ha èéfín ọlọ́dún mẹ́rin tó ti dì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Elkana ń fa òwú, ó ń wo iná, ó ń wo ẹ̀yìn iná. Lára òkúta kan níbẹ̀, ó rí ohun funfun kan tó ń dán, kò tóbi ju ẹyin iná orí lọ. Ó rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé bàtà kalẹ̀.

Ó fi ọ̀pá fa igi iná sẹ́yìn, ó dùbúlẹ̀ lórí ikùn rẹ̀, ó sì na ọwọ́ wọlé títí irun apá rẹ̀ fi ń rùn. Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha ọ̀kan bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́.

"Ìyáàfin," ó pè láìdìde, "ta ló kọ́ ibi ìdáná yìí?"

"Ẹni tó kọ́ ilé," obìnrin náà dáhùn láti ìdí tábìlì. "Kí ni ìdáná mi ṣe yín?"

"Ẹ wá wò ó."

"Ìyẹ̀fun ni mò ń pò."

"Ẹ gbé e dání kẹ́ ẹ máa bọ̀."

Ó wá, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgúnpá. Elkana gbé ohun kékeré náà lé orí irin, ó fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò fọ́. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé.

"Bó bá jẹ́ òkúta ni, ì bá ti fọ́," ni Elkana wí.

"Bó bá jẹ́ òjé ńkọ́?" Ìyàwó awakùsà ni, ó mọ ohun tó yẹ kó bèèrè.

"Òjé á kọ dúdú sára pépà." Ó fi pa etí ìwé ìròyìn àtijọ́ kan. Pépà náà kò yí padà. Lẹ́yìn náà ó tún tẹ̀ba wọlé, ó fi ojú ọ̀bẹ fá ara òkúta náà fúnra rẹ̀. Ohun tó fá dìde, ó ká kóńkó, bí ìgbà tí ènìyàn bá fá ìda àbẹ́là. Ó gbé e han obìnrin náà. "Fàdákà ni èyí náà, àmọ́ ó ṣì wà nínú ẹ̀wù rẹ̀. Iná tí ẹ ń dá ló ń bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Ìyáàfin Nankervis tẹjú mọ́ ẹ̀yìn iná. "Ọdún mẹ́rin," ó wá wí. "Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń se ẹ̀wà níwájú nǹkan yìí." Ó wo ojú Elkana, ó sì gbé ọwọ́ ìyẹ̀fun ka ìbàdí. "Ẹ gbọ́, Ọ̀gbẹ́ni Rudd, ẹ má fi ojú yẹn wo ìdáná mi. Ẹnikẹ́ni ò ní tú u. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ló ń jẹun níbí, òjò dídì sì kún ìta."

"N ò sọ pé kẹ́ ẹ tú u."

"Ojú yín sọ bẹ́ẹ̀."

"Òkúta mẹ́rin péré ló jẹ́ irú rẹ̀, ìyáàfin. Mo ti kà wọ́n. Àwọn yòókù, òkúta etí odò lásán ni. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí mẹ́rin yìí ti wá. Ibì kan wà tí wọ́n ti ṣẹ́ wọn."

"Bí ẹ bá wá mọ̀ ńkọ́?"

"Ìdajì tiyín, ìdajì tèmi."

Obìnrin náà mi orí. "Ẹ ì bá ti dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ ì bá kó ẹrù yín lọ, ǹ bá má mọ nǹkan kan."

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

"Ẹ rò ó?"

"Títí mo fi mu kọfí tó wà nínú ife yẹn tán. Àmọ́ mo fẹ́ bi yín pé ta ló kọ́ ibi ìdáná, n ò sì mọ bí mo ṣe lè bi yín kẹ́ ẹ má bi mí pé kí ló dé."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ìyẹ̀fun sì kù sí i níwájú orí. "Ará Wales kan ni wọ́n sọ pé ó kọ́ ọ. Probert. Ó ti kó lọ sí Hamblin's Ford, òkúta ojú oórì ló ń gbẹ́ báyìí. Ẹ ṣọ́ra fún un o. Bẹ́ ẹ bá sọ ohun tí kò dáa sí iṣẹ́ rẹ̀, á lé yín jáde."

Ìrìn ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni Hamblin's Ford sí Sorrel Gulch bí ọ̀nà bá dára. Ọ̀nà kò dára. Ọjọ́ mẹ́rin ni Elkana fi débẹ̀, yìnyín ti dì mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó bá Griffith Probert nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín àwọn òkúta tí wọ́n ti kọ orúkọ sí àti àwọn tó ń retí ẹni tó máa ni wọ́n. Arúgbó kúkúrú ni, eruku òkúta ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di funfun, ó sì ń wúkọ́ bí ẹni tó gbé àdó mì.

"Bàbá Probert, ilé olókùúta tẹ́ ẹ kọ́ sí Sorrel Gulch ni mo bá wá. Ibi ìdáná rẹ̀."

Arúgbó náà gbé ṣísẹ́lì kalẹ̀. "Ó wó?"

"Kò wó, bàbá."

"Èéfín ń padà sínú ilé?"

"Tààrà ló ń gba òkè lọ."

"Ó sán?"

"Kò sí ibi tó sán."

"Kí wá lo gba inú òjò dídì wá bi mí?" Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó tilẹ̀ fa àga fún àlejò.

Elkana bi í nípa òkúta mẹ́rin tó wà lẹ́yìn iná, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tó ta sí ewéko. Probert kò ronú pẹ́. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ to òkúta léra, bóyá kò lè rántí orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àmọ́ á rántí òkúta tó bọ́ sí àyè rẹ̀ láì jẹ́ kó lu òòlù mọ́ ọn.

"Àwọn yẹn? N ò ṣẹ́ wọn níbì kankan. Oní-ìbaaka kan ló kó wọn wá, ará Sonora, Eulogio Bracamonte. Iyọ̀ tí wọ́n fi ń yọ fàdákà ló ń kó lọ fún ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ kùsà. Ó dé lọ́jọ́ kan, àpò iyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ìbaaka rẹ̀, òkúta tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Mo bi í pé, ta ló ń ra òkúta ní Nevada? Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Inú bí i, ó tú bùláńkẹ́ẹ̀tì náà síwájú mi, ó ní kí n jẹ ẹ́."

"Kí ló dé tó fi kó òkúta?"

"N ò bi í."

Elkana wo arúgbó náà tìyanu-tìyanu. Kò yé e bí ènìyàn ṣe lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó má sì bèèrè.

"Ó ti fi ìbaaka sílẹ̀ báyìí," Probert wí. "Ewúrẹ́ ló ń sìn ní Willow Spring. Tó o bá padà sí Sorrel Gulch, sọ fún obìnrin yẹn pé kó má da omi sí ibi ìdáná mi tó bá ṣì ń gbóná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ba iṣẹ́ èèyàn jẹ́."

Òjò dídì ti dí ọ̀nà Willow Spring pátápátá. Elkana padà sílé Ìyáàfin Nankervis, ó sì ní láti dúró de oṣù kẹta. Ìgbà òtútù yẹn gùn. Ó ń la igi, ó ń pọn omi, ó ń tún orùlé ṣe, ìbéèrè kan ṣoṣo sì ń yí lórí rẹ̀: kí ló dé tí ọkùnrin kan fi kó òkúta sẹ́yìn ìbaaka? Ìyáàfin Nankervis náà kò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Lọ́jọọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọrin ìyìn tán, á mú àlàyé tuntun kan wá. Lọ́sẹ̀ kan ó ní bóyá ọkùnrin náà fẹ́ fi kọ́ ilé. Lọ́sẹ̀ kejì ó ní bóyá ó mọ̀ pé fàdákà ni, ó kàn ń fi Probert ṣeré.

"Bó bá mọ̀, á dà á nù?" Elkana bi í.

"Ọkọ mi bínú lọ́jọ́ kan, ó ju aago rẹ̀ sínú kànga. Aago bàbá rẹ̀ ni o. Ẹ má sọ ohun tí ọkùnrin ò lè ṣe fún mi."

Nígbà tí ọ̀nà là, Elkana lọ. Ó bá Eulogio Bracamonte lẹ́nu ọ̀nà ilé alámọ̀ kan, ó ń fún wàrà ewúrẹ́. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun imú rẹ̀ gùn, ó sì ń tiro díẹ̀. Kò bèèrè nǹkan kan ju orúkọ lọ títí àlejò fi jẹ ẹ̀wà àti àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ tó gbé fún un. Lẹ́yìn náà ló wá fi "Don" pè é, bí àwọn ará Sonora ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni, ó ní, "Don Elkana, ènìyàn kì í rin irú ọ̀nà yìí wá jẹ ẹ̀wà mi. Kí lẹ fẹ́?"

"Lọ́dún méje sẹ́yìn, o kó òkúta dé Sorrel Gulch."

Ojú Eulogio le. "Ṣé Probert ló rán yín? Ó ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín?"

"Èmi ni mo fẹ́ mọ̀. Kí ló dé tó o fi kó wọn?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín. Òkúta ọdún méje sẹ́yìn, kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe?"

Lójú ọ̀nà, Elkana ti múra irọ́ mẹ́ta sílẹ̀. Ọ̀kan jẹ mọ́ ilé tó fẹ́ kọ́, ọ̀kan jẹ mọ́ tẹ́tẹ́, ẹ̀kẹta kò tiẹ̀ yé òun fúnra rẹ̀ dáadáa. Ó wo ojú ọkùnrin tó gbé oúnjẹ fún un, irọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí àpò, ó mú fàdákà tó tẹ́ bí ewé náà jáde, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ìpín mẹ́ta la máa pín in báyìí," ó fi kún un. "Ìyáàfin náà á bú mi, àmọ́ á gbà."

Eulogio yí ohun náà lọ́wọ́, ó yí i padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìpariwo, èjìká rẹ̀ ń mì, títí ó fi ní láti di ọ̀pá ọgbà mú. "Mo gbé fàdákà sẹ́yìn ìbaaka," ó wí, "mo gbé e gba àárín ìlú, mo sì ní kí ará Wales jẹ ẹ́."

Ó wá ṣàlàyé. Àpò iyọ̀ méjì ni ìbaaka rẹ̀ tó ń jẹ́ Remedios gbé lọ́jọ́ náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Níbi tí wọ́n ti ń sọdá òkè Saddler, ìjì eruku dé, Remedios yọ̀ ṣubú, àpò kan bẹ́, gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Ẹrù ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo á ṣẹ́ ìbaaka ní ẹ̀yìn. Ó ṣa òkúta tó sún mọ́ ọn jù, èyí tó wúwo, kó lè dọ́gba. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Elkana mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Oṣù márùn-ún ló ti fi ń rò ó. "Níbo lórí òkè Saddler?"

"Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Eruku dí ojú mi. Láti ẹnu ọ̀nà àríwá dé ẹnu ọ̀nà gúúsù, àfonífojì tó wà láàárín rẹ̀ á tó ọgbọ̀n, gbogbo wọn jọra bí ọmọ ìyá. Mo mọ̀ pé apá òsì ni Remedios ṣubú sí. Remedios ti kú."

Òkúta òkè náà ju iye irun orí lọ, ènìyàn lè fi ogún ọdún wo wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Elkana ń wo àgbàlá láìrí i. Ewúrẹ́ méjì dúró nídìí ọgbà níbi tí Eulogio gbé gàárì rẹ̀ kọ́, wọ́n ń lá abẹ́ gàárì náà kíkankíkan, ọ̀kan ń fi orí ti èkejì kúrò.

"Kí ni wọ́n ń lá?" ó bèèrè.

"Òógùn ẹṣin. Iyọ̀ inú rẹ̀. Wọ́n ti bá mi ba gàárì méjì jẹ́."

"Iyọ̀ tó dà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí lo ṣe é?"

"Kí ni kí n ṣe é? Ó ti dàpọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Mo fi í sílẹ̀."

"Odidi àpò kan."

"Odidi àpò kan," Eulogio wí, ó sì dúró lójijì pẹ̀lú igbá wàrà lọ́wọ́. Òun náà ti yí ojú sí àwọn ewúrẹ́ yẹn.

Ní oṣù karùn-ún àwọn méjèèjì gun òkè Saddler. Wọn ò wo òkúta rárá. Ojú ẹsẹ̀ ẹran ni wọ́n ń wá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ́n rí ipa àgbọ̀nrín tó lọ sí odò, èyí kò jẹ́ tuntun. Ní ọjọ́ kejì, bákan náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Elkana ké sí Eulogio pé kó dúró. Lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni ipa ẹran kan wà, ó jìn, ó sì tẹ̀, ó wọ inú àfonífojì kan tí kò ní omi, tí kò ní koríko, tí kò tilẹ̀ ní òjìji.

"Kí ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀ yẹn?" Elkana wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Wọ́n tẹ̀ lé e. Ipa kejì wá láti apá òkè, ó dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta wá láti ìdí àpáta, bí ọ̀nà oko ṣe ń já sí títì. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ilẹ̀ ti lu kòtò bí ọpọ́n ìwẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dán, ojú ahọ́n sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Àgùntàn orí òkè méjì dúró níbẹ̀, ìwo wọn ká sẹ́yìn. Wọ́n gbé orí, wọ́n wo àwọn ọkùnrin méjèèjì bí onílé ṣe ń wo ẹni tó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, wọ́n sì rọra gun àpáta lọ.

Eulogio bọ́ fìlà. "Remedios," ni ohun tó sọ.

Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sókè kòtò náà, ògiri òkúta kan yọrí nínú ilẹ̀, kò ga ju orúnkún lọ. Elkana kúnlẹ̀, ó fi ọ̀bẹ fá a. Fífá náà dìde, ó ká kóńkó. Ó fá ibòmíràn. Bákan náà ni. Ó ti máa ń rò pé bí ọjọ́ yìí bá dé, òun á pariwo tàbí kí òun sunkún. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó jókòó, ó wo kòtò iyọ̀ náà, ó wo ògiri òkúta, ó wo ìdí òkè níbi tí ọ̀nà àwọn oní-ìbaaka gbà kọjá, ó sì rí i bí ọ̀kan ṣe bí èkejì títí ó fi kan iwájú iná nílé obìnrin kan ní Sorrel Gulch. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí kò fi lè dìde fún ìgbà pípẹ́.

Orúkọ mẹ́ta ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Ìyáàfin Nankervis bú u bó ṣe sọ, ó sì gbà. Akọ̀wé bèèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ pe ihò náà, Eulogio sì sọ pé "Remedios."

"Ìyàwó ẹ ni?" akọ̀wé bèèrè.

"Ìbaaka mi ni."

Akọ̀wé gbé ojú sókè, ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì kọ ọ́.

Fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì, Remedios fún wọn ní ohun tí ojú Elkana kò rí rí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Eulogio ra ilẹ̀ tó yí Willow Spring ká. Ìyáàfin Nankervis fi gíláàsì sí gbogbo fèrèsé rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí Cornwall pé kí àbúrò rẹ̀ obìnrin máa bọ̀. Elkana ra bàtà tuntun, kò mọ ohun mìíràn tó yẹ kó rà. Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn kejì, iṣan fàdákà náà dédé parí. Kò tín-ín-rín lọ díẹ̀díẹ̀. Ó gé ni, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé okùn, òkúta lásán sì wà níwájú.

"Ó ti tó," Eulogio wí. "Ó ṣe wá lóore."

"Níbo ló lọ?" ni Elkana bèèrè.

"Don Elkana, ó ti tán."

"Kò tán. Ó gé. Nǹkan tó gé, ìdajì rẹ̀ kejì wà níbì kan."

Nígbà tí yìnyín yọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun nìkan ló padà. Gbogbo Sorrel Gulch ń sọ pé fàdákà ti wọ̀ ọ́ lórí. Kì í ṣe fàdákà. Ó jókòó fún ọjọ́ mélòó kan níwájú ògiri tó gé iṣan náà, pẹ̀lú àbẹ́là, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Ògiri náà dán bí àwo. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára rẹ̀ látòkè dé ilẹ̀. Bó bá fi ọwọ́ pa á lọ sísàlẹ̀, ó ń yọ̀. Bó bá pa á lọ sókè, ó ń họ ọwọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá pa irun ológbò sódì. Ó wá yé e pé òkè náà ti là sí méjì rí, apá kejì sì ti yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ó gbé ìyókù iṣan lọ. Ó gbẹ́ ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Eulogio ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti bá a fa korobá iyẹ̀pẹ̀ sókè, kò bá a jiyàn mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, Elkana rí ìyókù iṣan náà. Ìka méjì ni fífẹ̀ rẹ̀, fàdákà inú rẹ̀ kò sì tó ohun tí ènìyàn ń gbé ìbaaka wá kó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ìyáàfin Nankervis tẹ̀ lé Eulogio wá, ó gbé míìtì-páì sínú apẹ̀rẹ̀. Elkana fi igi ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un: iṣan, ibi tó gé, ibi tó yọ̀ lọ. Ojú rẹ̀ ń dán.

"Ohun tẹ́ ẹ fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn wá nìyí?" obìnrin náà wí.

"Òun nìyí."

"Kò sì ní wúlò fún nǹkan kan."

"Kò ní wúlò."

Ó wo àwòrán ilẹ̀ náà pẹ́. "N ò fẹ́ àwòrán," ó wí. "Mo fẹ́ wọ ibẹ̀."

Eulogio kọ́kọ́ wúkọ́. Àwọn awakùsà gbà pé ihò máa ń bínú bí obìnrin bá wọ ọ́, àwọn ará Cornwall ló sì gbà á gbọ́ jù. Ó sọ èyí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Mo mọ̀," Ìyáàfin Nankervis dá a lóhùn. "Ọdún méjìlélógún ni mo fi jẹ́ ìyàwó awakùsà. Kò sí obìnrin kankan tó wọ ihò tó pa Jabez ọkọ mi. Ọkùnrin ló kún ibẹ̀, ó sì wó lù wọ́n."

Ó ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó fi okùn dì í, ó bọ́ fìlà. Elkana ṣíwájú lórí àkàsọ̀, obìnrin náà tẹ̀ lé e, ó ń ka ìgbésẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nísàlẹ̀, Elkana gbé àbẹ́là sókè. Ó fi ògiri tó ń dán hàn án, ó ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bi í pé ọ̀nà wo ló gbà lọ. Ó pa á sókè, ó pa á sísàlẹ̀, ó tún pa á.

"Ìsàlẹ̀ ló lọ," ó wí, ẹnu sì yà á.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé ìpẹ̀kun. Ó fi ìka méjì lé iṣan náà, ó bá a mu régí. Ó dúró, ó ń tẹ́tí.

"Mo rò pé ariwo ló máa wà níbí."

"Bí ẹnì kan ò bá walẹ̀, kò sí ariwo."

"Mo máa ń bi Jabez pé báwo ni ìsàlẹ̀ ṣe rí. Á fọ ọwọ́, á jókòó sídìí oúnjẹ, á ní, 'Òkùnkùn ni.' Gbogbo ohun tó máa sọ nìyẹn." Ó yọ ìka kúrò lára iṣan náà. "Ẹ pa àbẹ́là yẹn."

Elkana fẹ́ ẹ pa. Kò sí ohun tí ojú lè rí mọ́, bí ó là bí ó dì. Ó ń gbọ́ tí obìnrin náà ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọ́kọ́ yára, lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀. Omi kan kán níbì kan. Ó pẹ́ kí ó tó sọ pé kó tan iná, nígbà tí iná sì tàn, omi wà lójú rẹ̀, àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, Eulogio ti pín míìtì-páì sórí aṣọ, ó bi í pé kí ló rí. Ìyáàfin Nankervis jókòó sórí òkúta, ó bọ́ bàtà, ó gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn láti ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ lórí àkàsọ̀, bí ògiri ṣe rí, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kàn. Eulogio, tó ti fi ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbẹ́ ihò náà, ká ẹsẹ̀ jọ, ó sì gbọ́ ọ títí dé òpin.